Àwòdì Tó Ń Re Jámánì

Gbogbo wa la mọ òwe àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àwòdì tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Iwájú ni ẹ̀fúùfù ti fẹ́ wá bá a, àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ló sì ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ewì lẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi nínú ìwé yìí. Ẹ má bínú, ewì ń bọ̀ nígbà mìíràn. Bọ́ọ̀lù la fẹ́ gbá lónìí.

Les Éperviers ni orúkọ ìnagijẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Tógò. Ẹyẹ apẹran ni épervier lédè Faransé. Èmi pè é ní àwòdì. Bí ẹnì kan bá ní àṣá ni, kó wá bá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, a ó parí ẹ̀ níbẹ̀. Ní 2006 ni àwọn àwòdì yìí lọ gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Jámánì. Wọn ò débẹ̀ rí kó tó dìgbà náà, wọn ò sì tíì padà débẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà yẹn, n ò lè parọ́ pé mo wo nǹkan kan. Ẹnu ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá Lomé ni gbogbo agboolé ń pè wọ́n, torí pé ọjà Assigamé ní Lomé ni wọ́n ti ta ánkárá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá wálé Iléyá, ẹ̀wù bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè kan ni wọ́n máa ń wọ̀ sùn, tí wọ́n kọ ADEBAYOR sí lẹ́yìn. Nígbà tí mo mọ̀wé í kà, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ta ló fi r sí ìdí Adébáyọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn ará ọ̀hún ló fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni."

Ọmọ wa ni lóòótọ́. Sheyi Emmanuel Adebayor, Lomé ni wọ́n bí i sí ní 1984, ìdílé Yorùbá tó ti Nàìjíríà lọ ni. Kò sì yẹ kó ya àwa tá a jókòó sí kíláàsì ìtàn Yorùbá lẹ́nu. Ṣebí wọ́n kọ́ wa pé àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana wà ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ títí dòní. Ìlà tí òyìnbó fà sórí ilẹ̀ ló sọ wọ́n di ará Tógò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn sí mi ni pé Jámánì yìí kan náà ló kọ́kọ́ fà á. Ní 1884 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Togoville, tí Jámánì fi di ọ̀gá níbẹ̀. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí, tó lè bá Jámánì sọ̀rọ̀ láti ìhín. Nígbà tí ogun dé ní oṣù kẹjọ 1914, àwọn ará Jámánì fúnra wọn ló wó o lulẹ̀ kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ọdún 92 lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Tógò di bàtà bọ́ọ̀lù sí báàgì, ó di Jámánì.

Bí wọ́n ṣe rọ́nà débẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ kò ní mọ ohun tí wọ́n sọ nù. Ní oṣù kẹwàá 2003, Equatorial Guinea na Tógò ní 1-0. Equatorial Guinea o! Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n padà gbá a ní Lomé, tí Tógò fi ayò méjì sódo borí, wọn ì bá ti wọlé sùn látìgbà náà. Wọ́n wá kó wọn pọ̀ mọ́ Senegal, Mali, Zambia, Kóńgò àti Liberia. Senegal yìí ló na Faransé ní 2002, tó sì dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn lágbàáyé. Ta ló fẹ́ ka Tógò mọ́ èèyàn níbẹ̀? Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, Zambia nà wọ́n ní 1-0.

Ọmọ Nàìjíríà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Stephen Keshi, tí wọ́n ń pè ní Big Boss. Òun ni balógun wa nígbà tá a gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia ní 1994. Àwọn tó bá níbẹ̀ ní 2004, àwọn irúfẹ́ Mohamed Kader àti Moustapha Salifou ni. Adebayor náà ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ẹ wá wò ó: lẹ́yìn ìyà Zambia yẹn, wọn ò pàdánù mọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú méje, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì. Wọ́n fún Senegal ní 3-1 ní Lomé. Wọ́n lọ bá Mali nílé ní Bamako ní oṣù kẹta 2005, wọ́n nà án ní 2-1, inú bí àwọn òǹwòran débi pé wọ́n ya wọ pápá. Adebayor nìkan jẹ góòlù 11, kò sẹ́ni tó jẹ tó o ní gbogbo Áfíríkà.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé ń jó o. Oṣù kejì 2005 ni Eyadéma kú lẹ́yìn ọdún 38 lórí àga, tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀, Faure Gnassingbé, jókòó. Wọ́n dìbò ní oṣù kẹrin, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè sọ pé èèyàn 400 sí 500 ló kú. Bàbá Lomé ti ìsọ̀ wọn pa, wọ́n sá wọ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sùn sí Cotonou fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà, nǹkan àkọ́kọ́ tó kó tọ̀tún-tòsì jọ lójú wọn ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Zambia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, tí Tógò fi ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan gbẹ̀san. Wọ́n ní ẹni tó sá àti ẹni tó lé e ń dì mọ́ra lọ́jọ́ náà. N ò mọ̀ bóyá bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé October 8, 2005. Ọjọ́ yẹn, Nàìjíríà na Zimbabwe ní 5-1 ní Àbújá, a sì sunkún relé, torí pé Angola jẹ ẹyọ kan ní Kigali. Máàkì 21 sí 21 ni àwa àti Angola, ṣùgbọ́n Angola ti nà wá ní Luanda, ó sì ti bá wa ta ọ̀mì ní Kano. Ó parí. Ọjọ́ yẹn gan-an, ní Brazzaville, Kóńgò kọ́kọ́ jẹ góòlù, Adebayor dá a padà. Kóńgò tún jẹ ẹ, Kader dá a padà. Kader tún jẹ ẹ̀kẹta. Máàkì 23 fún Tógò, 21 fún Senegal. Bàbá mi ń sunkún ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n wọn ń jó ní Lomé, ọmọ Nàìjíríà ló sì kọ́ àwọn tó ń mú wọn jó.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹni tó bá ní òun ń múra ogun, ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti mọ ọjọ́ ogun ló yẹ ká wo ìmúra rẹ̀. Tógò ní oṣù mẹ́jọ gbáko. Kí ni wọ́n fi ṣe?

Oṣù kìíní 2006, wọ́n lọ sí Íjíbítì fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Keshi àti Adebayor ṣe gbólóhùn asọ̀ níbẹ̀, ó le débi pé gbogbo ayé gbọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n délé, wọ́n lé Keshi. Ẹni tó gbin àgbàdo, tó ro ó, tó ṣọ́ ẹyẹ, nígbà tó yọ yọ́ńyọ́ tán ni wọ́n ní kó máa lọ. Mo mọ̀ pé ojú ọmọ Nàìjíríà ni mo fi ń wò ó, mo sì mọ̀ pé ìyà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe kékeré. Bí agídí bá tiẹ̀ wà lọ́wọ́ Keshi, a jẹ́ pé ti Adebayor náà ń bẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ó dáa kí wọ́n pààrọ̀ awakọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti gun orí afárá.

Ọmọ Jámánì ni wọ́n wá gbà, Otto Pfister, ẹni ọdún 68 tó ti ká Áfíríkà mọ́lẹ̀ tipẹ́. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ Gánà tó gba ife àgbáyé ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 ní 1991. Èèyàn tó mọ iṣẹ́ ni. Ó kó wọn lọ sí Wangen, ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì, kí wọ́n lọ fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀.

Owó ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní àwọn fẹ́ mọ iye owó àjẹmọ́nú àwọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà ní yúrò 155,000 ni wọ́n ń béèrè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 30,000 tí wọ́n bá borí àti 15,000 tí wọ́n bá ta ọ̀mì. Àjọ bọ́ọ̀lù Tógò, tí Rock Gnassingbé tó jẹ́ ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Ààrẹ wà nípò olórí rẹ̀, kò fọwọ́ sí i. Ìpàdé lónìí, ìpàdé lọ́la. Wọ́n fagi lé ìgbáradì. Nígbà tó ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n kojú Gúúsù Kòríà, Pfister ní òun ò ṣe mọ́, ó kẹ́rù rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kò ní akọ́nimọ̀ọ́gbá! Igbákejì rẹ̀, Kodjovi Mawuena, ló di nǹkan mú. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbá a, Pfister padà dé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka gbogbo èyí, mo bá àwọn yòókù sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ọ̀kánjúwà! Ẹ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ bàbá yín! Ọ̀rọ̀ tó tiẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún àtẹ̀jáde yìí nìyẹn, olóòtú wa rí i. Mo ti fà á ya.

Ohun tó jẹ́ kí n fà á ya rèé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí àwa mẹ́fà lọ ṣojú níbi ìdíje ewì kan ní ìlú mìíràn. Wọ́n ṣèlérí owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti ibi tá a máa sùn. A rí ibi tá a sùn, orí àga ni. Owó ọkọ̀, àpò ara wa la fi san án. Ẹni tó yẹ kó san án padà, n ò ní dárúkọ rẹ̀, kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́ láti ọ̀sán ọjọ́ tá a dé. Láàárọ̀ ìdíje, ọ̀kan nínú wa ní ká má gun orí ìtàgé àfi tí wọ́n bá sanwó. Àgbà kan tó bá wa lọ wá sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, owó nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò nífẹ̀ẹ́ èdè yín." Ojú tì wá. A gun orí ìtàgé. Ewì tí mo ti há sórí fún oṣù méjì, mo gbàgbé ìlà mẹ́ta láàárín rẹ̀, torí pé bí mo ṣe ń pohùn, iye tó kù lápò mi ni mò ń ṣírò, bóyá á gbé wa dé gáréèjì. Ipò kẹrin la ṣe. Wọn ò tíì san owó náà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Torí náà, mo padà lọ ka ọ̀rọ̀ àwọn ará Tógò pẹ̀lú ojú mìíràn. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ rí owó náà kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù? Ṣé àwọn tí wọ́n bá ti ń san owó wọn déédéé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀? FIFA ń fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó bá lọ lówó tó tówó, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì mọ̀. Wọ́n tún mọ ọwọ́ tí owó náà máa gbà kọjá. Èèyàn lè ní iye tí wọ́n béèrè pọ̀ jù, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Yúrò 155,000 lẹ́nu ọmọ orílẹ̀-èdè tó tálákà bẹ́ẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí kí wọ́n máa jókòó títí tó fi ku ọjọ́ mẹ́ta láìsí àdéhùn. Àdéhùn ni ìmúra àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ kékeré. Ẹgbẹ́ ńlá lè jà lórí owó kó sì ṣì borí, ó ní àfikún lára. Ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn ju ìfọkànsìn lọ, tí ọkàn rẹ̀ bá ti pín, kí ló kù?

Kẹ́ ẹ má bàa sọ pé Tógò nìkan ni: ní 2014, ìjọba Gánà fi ọkọ̀ òfuurufú kó owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ bá àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ní Brazil, owó tútù nínú àpótí. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ̀ láti jáde ìgbáradì nítorí àjẹmọ́nú kí wọ́n tó kojú Faransé. Ta sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà yẹn? Keshi. Nígbà tó gbọ́ ìròyìn pé àwọn ọmọ ò jáde, ó dá mi lójú pé Wangen wá sí i lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 2013, ló gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún wa. Ó kú ní oṣù kẹfà 2016 ní Benin City. Ó dùn mí pé kò débi Ife Ẹ̀yẹ 2006 tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Jámánì. Kí wọ́n tó fún rẹfirí ní fèrè lọ́jọ́ náà, ìyẹn June 13 ní Frankfurt, ìgbà tó yẹ kí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè Tógò, ti Kòríà ni wọ́n tún gbé sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ilé rẹ̀ ò kà sí, àlejò náà ò mọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn Kòríà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ owó ò tán. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dortmund láti kojú Switzerland, àfìgbà tí FIFA fúnra rẹ̀ dá sí i tó dúró fún owó náà. Wọ́n lọ, wọ́n fi 2-0 nà wọ́n. Faransé náà fi 2-0 nà wọ́n ní Cologne. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, ìyà mẹ́ta, góòlù kan. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, FIFA tún bu owó ìtanràn lé àjọ wọn.

Góòlù kan yẹn ni Bàbá Lomé máa ń sọ. Ọdún tó kọjá, nígbà tí àìsàn dá wọn dúró sílé, mo wá a jáde sórí fóònù mi, mo gbé e fún wọn. Ìṣẹ́jú 31. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn, Kader fi àyà gbà á, ó sá wọ ọ̀tún, ó yìn ín, ó lu òpó, ó wọlé. Tógò ń borí nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ìṣẹ́jú 23 ló fi wà bẹ́ẹ̀, kí balógun wọn, Jean-Paul Abalo, tó gba káàdì pupa, tí Lee Chun-soo fi ayò dá a padà, tí Ahn Jung-hwan sì fi èkejì kún un.

Mo fẹ́ jẹ́ kí fídíò náà máa lọ. Bàbá Lomé fi ìka kan tẹ ojú fóònù, ó dúró. "Tún un gbá fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó dé ibi tó lu òpó yẹn, kó o wá pa á."